Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Òróró Àlòkù, Èèpo Ẹyin àti Alárinà Inú Kẹ́míkà

Púpọ̀ nínú lẹ́tà tó dé láti Àbújá àti Òkè Ọya lóṣù yìí ló dá lórí kátálíìsì àti agbára iná tí kì í tán. Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá ṣàjèjì sí: kátálíìsì ni ohun tí a ń fi sí àárín èròjà kí iṣẹ́ wọn lè yá, tí òun fúnra rẹ̀ kì í sì í bá wọn lọ. Àwọn àgbà ní bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀ba. Iṣẹ́ alárinà gan-an ni.

Láti ọ̀dọ̀ ìyá alákàrà kan, Nyanya, Àbújá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ wa. Àkàrà àti dùǹdú ni mò ń dín tà, òróró àlòkù tó ń ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi tó lítà 10 lọ́sẹ̀. Ọmọ mi rí i lórí fóònù pé a lè sọ ọ́ di dísẹ́ẹ̀lì fún ẹ̀rọ ìlọta wa. A ra kọ́sítíìkì sódà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta èròjà ọṣẹ, a da ṣíbí ìjẹun mẹ́ta sínú methanol lítà 1, a dà á sí òróró lítà 5, a rò ó pọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo rẹ̀ ti dì bí ẹ̀kọ tútù. Kí la ṣe tí kò dáa?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú làálàá. Ọṣẹ lẹ ṣe. Ọ̀nà tí àwọn ìyá àgbà ń gbà fi omi eérú àti àdín ṣe ọṣẹ dúdú náà lẹ gbà láìmọ̀.

Bó ṣe rí nìyí. Nínú òróró, ọ̀rá mẹ́ta-mẹ́ta ló so mọ́ gilisárìnì kan. Methanol, irú ọtí olóró tí a kì í mu, ló yẹ kó wá gba ipò gilisárìnì, kí gilisárìnì sì bọ́ sọ́tọ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tó kù á fúyẹ́, á máa ṣàn, ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì á sì lè jó o. Kọ́sítíìkì sódà ni alárinà. Ṣùgbọ́n tí omi bá wà níbẹ̀, tàbí tí òróró bá ti kan, kọ́sítíìkì á pa iṣẹ́ alárinà tì, á fẹ́ ọ̀rá náà fúnra rẹ̀, ọmọ tí wọ́n bá sì bí ni ọṣẹ. Òróró yín ní àléébù méjèèjì. Omi ẹ̀wà lílọ̀ àti omi ara iṣu wà nínú rẹ̀, iná tó ń jó o lójoojúmọ́ sì ti mú kó kan. Ìkẹta ni ṣíbí. Ṣíbí kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ṣíbí ìjẹun kan tó kún lè gbé gíráàmù 15 sí 20, nítorí náà mẹ́ta á ti súnmọ́ 50. Gíráàmù 10 fún lítà kan nìyẹn, bẹ́ẹ̀ òróró tuntun kò béèrè ju nǹkan bí 3.5 lọ.

Ẹ má fi lítà 5 kọ́ṣẹ́. Ẹ fi lítà 1 dán an wò títí yóò fi mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí òróró sùn mọ́jú, ẹ rọra da ti òkè, ẹ fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá fi aṣọ tó nípọn sẹ́ ẹ. Ẹ gbé e kaná títí yóò fi gbóná dé dígírì 105 sí 110, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Omi inú rẹ̀ á máa ta pàrà-pàrà. Ìgbà tí ariwo yẹn bá dákẹ́ pátápátá ni omi tán. Tẹmómítà ni kí ẹ lò, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ máa wọn bí òróró náà ṣe kan tó. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò nìyí, òun ló sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ẹ yọ́ kọ́sítíìkì sódà gíráàmù 1 sínú lítà 1 omi dístílì, irú èyí tí wọ́n ń bù sí bátìrì mọ́tò, kì í ṣe ásíìdì bátìrì o. Ẹ da isopropyl alcohol mílílítà 10 sínú ìgò kékeré, ẹ kán phenolphthalein (èròjà tí àwọ̀ rẹ̀ ń pọ́n tó bá ti rí kọ́sítíìkì tó ṣẹ́kù) ẹ̀kán méjì sí i, kí ẹ wá fi sírínjì kán omi kọ́sítíìkì náà sí i títí yóò fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ti alcohol fúnra rẹ̀ lẹ mú kúrò yẹn, ẹ má kà á mọ́ ti òróró. Ẹ wá fi òróró mílílítà 1 sí i, àwọ̀ náà á parẹ́. Ẹ tún máa kán omi kọ́sítíìkì sí i, ẹ máa mì ín, ẹ máa kà á. Bí àwọ̀ pupa bá padà tó sì dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, ẹ dáwọ́ dúró. Iye mílílítà tí ẹ kán sí i lẹ́yìn tí òróró wọlé ni iye gíráàmù tí ẹ máa fi kún 3.5 fún lítà òróró kan. Tó bá jẹ́ 2, gíráàmù 5.5 lẹ máa lò. Tó bá ju 5 lọ, òróró náà ti kan kọjá ọ̀nà yìí. Ẹ tà á fún àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ìfọṣọ, nítorí ọ̀nà tó kù gba ásíìdì líle, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé.

Methanol mílílítà 220 ló tó lítà òróró kan. Inú kẹ́ẹ̀gì oníke tó nípọn, tó ní àmì 2 nísàlẹ̀, ni kí ẹ ti yọ́ kọ́sítíìkì sínú methanol. Á gbóná lọ́wọ́. Ẹ máa mì ín díẹ̀, ẹ máa ṣí ọmọrí kí afẹ́fẹ́ jáde, títí kò fi ní sí hóró kankan. Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ̀mù tí a fi ń se ìrẹsì òde: kọ́sítíìkì á jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ hydrogen tó ń gbiná á sì máa tú jáde. Ìkòkò irin tí kì í dípẹtà ló dára.

Ẹ pa iná kú pátápátá kí methanol tó dé tòsí. Nígbà tí òróró bá rọlẹ̀ sí dígírì 55, ẹ da methanol alárinà yẹn sí i, ẹ dé e, ẹ rò ó fún wákàtí kan. Ẹ gbé ìkòkò náà sínú omi gbígbóná kó má bàa tètè tutù, ṣùgbọ́n kó má ju 60 lọ, nítorí dígírì 65 ni methanol ń hó. Ẹ wá jẹ́ kó sùn mọ́jú. Ohun dúdú tó ki bí oyin ló máa lọ sísàlẹ̀, gilisárìnì nìyẹn. Èyí tó mọ́ lókè ni dísẹ́ẹ̀lì òróró.

Kí ẹ mọ̀ bóyá ó pé, ẹ da mílílítà 3 rẹ̀ sínú methanol mílílítà 27, ẹ mì ín. Tó bá yòrò tán, iṣẹ́ pé. Tí nǹkan bá sùn sísàlẹ̀ ìgò, òróró ṣì wà níbẹ̀ tí kò yí padà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́, ẹ rọra dojú kẹ́ẹ̀gì kodò lẹ́ẹ̀mélòó kan ni, ẹ má gbọ̀n ọ́n. Tí ẹ bá gbọ̀n ọ́n, ọṣẹ tó wà nínú rẹ̀ á pa omi àti dísẹ́ẹ̀lì pọ̀ bí ògì. Ní ìparí, ẹ gbẹ omi inú rẹ̀ lórí iná jẹ́jẹ́ títí yóò fi mọ́ gaara, tí ẹ fi lè ka ìwé ìròyìn láti ẹ̀yìn ìgò.

Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Methanol jọ ògógóró lójú, ó fẹ́ jọ ọ́ nímú, ṣùgbọ́n mílílítà 10 péré lè fọ́ ènìyàn lójú. Òun ni wọ́n rí nínú ọ̀rọ̀ àwọn tó kú ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní 2015. Iná rẹ̀ kì í hàn lọ́sàn-án. Ìta gbangba ni kí ẹ ti lò ó, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò ojú, kí ọmọdé má sì sí nítòsí. Gilisárìnì ìsàlẹ̀ yẹn kì í ṣe ti ara o: methanol àti kọ́sítíìkì ṣì wà nínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ dé ọwọ́ àwọn tó ń po ìpara.

Ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì nìkan ló lè lò ó. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń mu pẹtiróòlù kò lè lò ó rárá. Ẹ pò ó mọ́ dísẹ́ẹ̀lì ọjà, lítà 1 sí lítà 4, kí ẹ sì ní fílítà tuntun lọ́wọ́, torí pé ó máa ń ṣí ìdọ̀tí táńkì àtijọ́. Iṣẹ́ náà kì í ṣe àlá: ní 1900, níbi àfihàn ńlá ìlú Paris, ẹ̀rọ Diesel kan fi òróró ẹ̀pà ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, lítà 10 lọ́sẹ̀ kò tó èyí tí a ń tìtorí rẹ̀ ra methanol àti òṣùwọ̀n. Tí alákàrà àti oníbúkà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá bá kó tiwọn pọ̀, tí ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ sì ń wọn bó ṣe kan, ó di nǹkan.

Láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan, Samaru, Zaria

Mo fi èèpo ẹyin ṣe kátálíìsì fún irú iṣẹ́ yìí kan náà. Ìgbà àkọ́kọ́ dára gan-an. Nígbà tí mo tún un lò lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, ó lọ sílẹ̀ burúkú. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti ṣìnà?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ padà síbi iná. Èèpo ẹyin fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ calcium carbonate látòkèdélẹ̀. A ń sun ún ní dígírì 900 fún wákàtí 3 sí 4 kí carbon dioxide lè jáde, kí calcium oxide, tó jẹ́ kátálíìsì gan-an, sì ṣẹ́kù. Òṣùwọ̀n ló máa sọ òótọ́: gíráàmù 100 gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù sí nǹkan bí 56. Tí tiyín bá ṣẹ́kù 70, kò jinná. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti mú iná lọ láàárín, kí ìléru sì ti tutù. Ààrò èédú lásán kì í débẹ̀ déédéé. Àgbẹ̀dẹ tó ní ẹwìrì lè dé e, ṣùgbọ́n kì í dọ́gba. Kí ẹ tó sun ún, ṣé ẹ bọ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú èèpo náà, ẹ sá a gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná?

Ìkejì ni afẹ́fẹ́. Calcium oxide ń mu omi àti carbon dioxide láti ojú ọ̀run. Ẹ fi sílẹ̀ ní gbangba mọ́jú, pàápàá nígbà òjò, ojú rẹ̀ á ti padà di ohun tí ẹ sun. Inú ìgò tó dé pinpin ni kó wà, bó bá sì ti pẹ́, ẹ tún un sun kí ẹ tó lò ó.

Ìkẹta ló gba àròjinlẹ̀ jù. Ohun méjì ló lè pa kátálíìsì yín lẹ́yìn ìlò. Gilisárìnì àti òróró lè bò ó lójú bí èèpá ìdí ìkòkò; èyí ṣeé wò sàn, ẹ fi methanol fọ̀ ọ́, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ tún un sun. Tàbí kẹ̀, calcium ń yòrò lọ sínú omi iṣẹ́ náà, èyí kò sì ní àtúnṣe, nítorí kátálíìsì yín ń dínkù ni. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bí ẹ ṣe ń ṣe é: òróró gíráàmù 100, kátálíìsì gíráàmù 5, methanol nǹkan bí mílílítà 55, dígírì 60 sí 65. Ní ìṣẹ́jú 30, ẹ sẹ́ kátálíìsì kúrò nígbà tó ṣì gbóná, ẹ mú èyí tó yí padà wọ̀n, kí ẹ sì jẹ́ kí omi tó kù máa bá iṣẹ́ lọ láìsí kátálíìsì. Tí òróró bá ṣì ń yí padà, èyí tó ti yòrò ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìyẹ̀fun yín.

Ẹ má fi wákàtí 3 dán àlòtúnlò wò. Láàárín wákàtí 3, kátálíìsì tó ti rẹ̀ náà á rin ìrìn tirẹ̀ dé ìdá 95 nínú 100, gbogbo ìlò á wá jọra nínú ìwé. Ẹ dá a dúró níbi tí iṣẹ́ kò tíì ju ìdajì lọ, ibẹ̀ lẹ ti máa rí i bó ṣe ń rẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, pẹ̀lú èyí tí kò dára. Ẹni tó bá fẹ́ tún iṣẹ́ yín ṣe ní Kano tàbí ní Brazil nílò rẹ̀ ju àbájáde tó dán lọ.

Láti ọ̀dọ̀ awakọ̀ kan, Sabon Gari, Kano

Wọ́n fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi: ọkùnrin kan da omi lásán sí jẹnẹrétọ̀, ó ní kátálíìsì tí òun ṣe ló ń sọ ọ́ di epo. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá, ẹ má fowó sí i. Omi ni eérú hydrogen: hydrogen ti jóná tán kó tó di omi. A lè fi iná mànàmáná tú u padà, ṣùgbọ́n alárinà kò lè san owó orí ìyàwó. Kátálíìsì á dín wàhálà ọ̀nà kù, kò lè mú agbára wá láti òfuurufú. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀: kílò 1 hydrogen gba omi bíi lítà 9 àti iná tó tó yúníìtì 50 lórí mítà yín. Tí ẹ bá jó kílò yẹn nínú jẹnẹrétọ̀ kékeré, iná tó máa padà wá lè má ju yúníìtì 8 lọ. Ẹ ti pàdánù 42. Hydrogen tó pò mọ́ oxygen nínú ike tún lè bú gbàmù tí iná kékeré bá ta sí i. Tí oòrùn Kano bá wù yín lò, páńẹ́ẹ̀lì àti bátìrì ni kí ẹ fowó yẹn rà.

Láti ọ̀dọ̀ bàbá akẹ́kọ̀ọ́ kan, Kubwa, Àbújá

Ọmọ mi fẹ́ ṣe ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kẹ́mísírì lórí kátálíìsì. Ó ń yan ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò bá ṣiṣẹ́, ó ní ọ̀kan ní h-index 30, èkejì ní 11. Kí ni nǹkan náà, ṣé òun ló yẹ ká fi yan ènìyàn?

Ìdáhùn: Bàbá wa, Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní California, ló gbé e jáde ní 2005. A to àwọn àpilẹ̀kọ ènìyàn láti orí èyí tí àwọn mìíràn tọ́ka sí jù. Ká ní ẹnì kan ní márùn-ún, tí wọ́n tọ́ka sí wọn ní ìgbà 40, 12, 6, 4 àti 2. Mẹ́rin nínú wọn ló ní ìtọ́kasí tó tó mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà h-index rẹ̀ jẹ́ 4. Ẹ rí i pé 40 ìbá jẹ́ 4,000, 4 náà ni ì bá ṣì jẹ́. Nọ́ńbà yìí kì í lọ sílẹ̀, ó ń gbe àgbà, ènìyàn lè tọ́ka sí ara rẹ̀ láti fi gbé e sókè, iye tí Google Scholar sì ń sọ sábà máa ń ju ti Scopus lọ (ibi méjì tí wọ́n ti ń ka ìtọ́kasí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nìyẹn). Ẹ má fi wé ara wọn láti orísun méjì.

Ẹ wo ibi tí iṣẹ́ balẹ̀ sí. Nígbà tí Fujishima àti Honda, àwọn onímọ̀ ará Japan, kọ ọ́ ní 1972 pé ìmọ́lẹ̀ lè fi titanium dioxide, èròjà funfun inú ọ̀dà, tú omi sí hydrogen àti oxygen, àpilẹ̀kọ kúkúrú ni, ṣùgbọ́n pápá ìwádìí odindi kan ti inú rẹ̀ jáde. Iṣẹ́ Fritz Haber, onímọ̀ kẹ́mísírì, lórí ammonia, gáàsì tí a fi ń ṣe ajílẹ̀, di ilé-iṣẹ́ ní Oppau, Jámánì, ní 1913, kátálíìsì onírin ni wọ́n sì lò. Àpò yúríà kílò 50 tí àgbẹ̀ ń gbé lọ sóko àgbàdo ní Funtua lónìí, inú irú ìléru onírin yẹn ló ti wá. Gáàsì ilẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń ṣe hydrogen tí ammonia ń gbà jù, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí oòrùn àti omi dojú kọ báyìí. Nítòsí ilé, àwọn olùwádìí ABU Zaria ti fi amọ̀ funfun Kankara, ìpínlẹ̀ Katsina, ṣe zeolite, irú ohun tí ilé ìfọpo fi ń fọ́ epo tó ki sí wẹ́wẹ́. Ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá dé nínú ilé ìfọpo ni ká fi wọ̀n ọ́n.

Kí ọmọ yín béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀ọ̀kan. Ta ni, níta yàrá ìwádìí rẹ̀, ló ti tún àbájáde rẹ̀ ṣe tó sì bọ́ sí i? Kátálíìsì rẹ̀ ń ṣe wákàtí mélòó kó tó kú, irin olówó gọbọi bíi platinum ni àbí nickel àti irin lásán? Níbo ni àwọn tó kọ́ wà báyìí? Tí ẹni tó ní 11 bá ní ìdáhùn tó gún sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ni a máa yàn.

Láti ọ̀dọ̀ oníléeṣẹ́ búrẹ́dì kan, Jos

A ti ń lo dísẹ́ẹ̀lì òróró láti oṣù mẹ́jọ, ó sì dára. Ọyẹ́ dé, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, kò gbéra láàárọ̀.

Ìdáhùn: Ọ̀rá ló dì nínú fílítà yín. Púpọ̀ nínú òróró ìdín-nǹkan ọjà wa jẹ́ ti ọ̀pẹ, dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì ní nǹkan bí dígírì 15. Òru ọyẹ́ ní Jos ń tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi iná yọ́ ọ. Ẹ fi aṣọ tí a rì bọ omi gbígbóná wé fílítà àti páìpù. Títí ọyẹ́ yóò fi lọ, ẹ má jẹ́ kó ju ìdá 10 nínú 100 lọ nínú táńkì, kí ẹ sì fi dísẹ́ẹ̀lì ọjà nìkan ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 tó gbẹ̀yìn kí ẹ tó pa ẹ̀rọ, kó lè jẹ́ pé òun ni yóò sùn nínú páìpù mọ́jú. Èyí tí ẹ bá ní nílẹ̀, ẹ gbé e síta lóru, ẹ sẹ́ èyí tó dì kúrò láàárọ̀ kùtù kí oòrùn tó mú. Kẹ́ẹ̀gì tó bá ti lé ní oṣù 6, tó ń rùn bí òróró tó kan, ẹ má dà á sí táńkì mọ́.